Ọjọ́ Tí Bàbá Di Èrò Ọkọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá fi wa ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí ọjọ́ kan péré tó jókòó nínú rẹ̀ bí èrò. Òun ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ sọdá láàárọ̀, òun náà ló ń kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Lọ́dọọdún, tí oòrùn bá mú ganrínganrín, tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá wà nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí ìlú bá ń ṣe ayẹyẹ etí omi, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ bàbá máa ń pọ̀ jù. Àwọn èrò á máa jó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa hó yèè bí àwọn atukọ̀ tó ń fi àjẹ̀ díje bá ń kọjá. Òun á kọjú síwájú, á máa ṣọ́ ibi tí òkúta wà lábẹ́ omi. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ìpàkọ́ lèmi fi ń ṣọdún."

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú débi pé téèyàn bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka ò ní kúrò bọ̀rọ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo fẹ́ wo ayẹyẹ tọdún yìí látinú ọkọ̀," ló wí. "Kí ẹlòmíì máa wà á. Èmi, kí n ṣáà jókòó, kí n máa wòran."

"Bàbá, dókítà ńkọ́?"

"Dókítà ò wọ ọkọ̀ mi rí."

Ọmọ tí à ń wí yìí, ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Ìmọ́tótó, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò pàápàá ò fi mọ òmíràn. Ó mọ̀ pé omi tútù leèyàn fi ń kọ́kọ́ ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò lára bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, torí tí omi gbígbóná bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó di àbàwọ́n tí kò ní lọ mọ́ nìyẹn. Ó mọ nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ò bá ká iṣẹ́, wọ́n máa ń pè é kó wá bá wọn palẹ̀ òkú mọ́: kí wọ́n pa ojú rẹ̀ dé, kí wọ́n fi aṣọ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ẹnu má baà là sílẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gan. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, òun àti bàbá ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá méjì lórí àjà kẹta.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin, oníná ni, ẹni tó máa ń fa wáyà sílé onílé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohun tí bàbá wí, ńṣe ló fò dìde lórí àga.

"Dókítà ní kí bàbá má jáde, kí oòrùn má pa wọ́n. Ìwọ tó ò ń fọṣọ, o wá mọ̀ jù ú lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ jù ú lọ. Ẹ ṣáà wo bàbá fúnra yín. Ṣé inú yàrá yẹn lẹ fẹ́ kí wọ́n wà, kí wọ́n máa ka pákó àjà títí tí..."

Ẹ̀gbọ́n padà jókòó. Èèyàn líle ni, àmọ́ kì í ṣe ìkà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó nàka sí àbúrò rẹ̀ lójú.

"Ó dáa. Gbogbo wa la jọ máa lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o: tí nǹkan kan bá ṣe bàbá lórí omi, ọwọ́ rẹ ni màá ti béèrè wọn."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, Ìmọ́tótó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu bàbá lára. Ṣẹ́ẹ̀tì tó fún un pinpin lọ́dún tó kọjá ti wá fẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ńṣe ni bàtà kọ̀ tí ò wọlé. Ìmọ́tótó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ẹ̀yìn bàtà aláṣọ kan kúrò, ó sì rọra ti ẹsẹ̀ bàbá bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n àti ọkùnrin kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wá gbé bàbá tàgatàga sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá gbàgbé pé ara òun ò yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ.

"Ẹ yà á sọ́tùn-ún! Ẹ rọra, ògiri ń bọ̀ níwájú! Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ gan-an?"

Ẹ̀rín pa àwọn tó gbé e débi pé wọ́n ní láti gbé àga kalẹ̀ lórí àjà kejì kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín tán.

Ọkọ̀ kékeré kan tó ní ìbòrí tapólì ni wọ́n wọ̀. Ẹni tó ń wà á, ọmọ iṣẹ́ bàbá ni látijọ́, òun náà ti hu ewú báyìí. Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo èbúté ń pè é torí pé kì í sáré. Iwájú pátápátá ló jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ wà lórí bẹ́ǹṣì tó tẹ̀ lé e. Bàbá wà lórí àga tirẹ̀ lẹ́yìn wọn, Ìmọ́tótó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́!" bàbá ké. "Èèyàn lo kó o, kì í ṣe ẹyin!"

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní n má máa sáré lọ́jọ́sí."

"Mo ní kó o má sáré. Mi ò ní kó o sùn."

Bí wọ́n ṣe yọ síbi ayẹyẹ báyìí, èrò ló pàdé wọn. Èèyàn ò rí ilẹ̀ tẹ̀ lórí èbúté. Wọ́n ti ta àsíá aláwọ̀ oríṣiríṣi láti orí òpó kan dé òmíràn, ẹgbẹ́ olórin kan wà lórí pèpéle tí wọ́n ń fọn kàkàkí, àwọn ọmọdé gun èjìká bàbá wọn, àwọn kan sì yọrí láti fèrèsé òkè ilé. Olóòtú ètò ń pariwo nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ ti há tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké bíi tiwọn ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú omi bí àwo tí wọ́n tò sórí tábìlì.

Bàbá ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ méjì ka iwájú rẹ̀.

"Ṣé báyìí ló máa ń rí?" ló bi Ìmọ́tótó. "Láti gbogbo ọdún yẹn?"

"Báyìí ló máa ń rí, Bàbá."

Ó mi orí. "Ẹ ti jayé lẹ́yìn mi o."

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ojú omi fa okùn gígùn méjì tí wọ́n so ike pupa mọ́ láti bèbè kan dé èkejì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ wọlé, kò gbọ́dọ̀ jáde, kò sì gbọ́dọ̀ yà sí èbúté, títí ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi parí, kí ìgbì má baà da àwọn atukọ̀ láàmú. Ó máa tó wákàtí méjì. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Ìdí tí wọ́n fi wá náà kọ́ nìyẹn?

Ọkọ̀ mẹ́rin ló du ti àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó gbéra, bàbá béèrè omi, ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì, ó dá ife padà.

"Àwọn tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń mí," ló wí. "Máa wò ó. Wọ́n máa tètè rẹ̀."

Fèrè dún, àwọn atukọ̀ ki àjẹ̀ bọ omi. Ẹ̀gbọ́n fò dìde, ọmọ rẹ̀ náà fò dìde, ọkọ̀ ń mì. Àwọn aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, àjẹ̀ wọn ò bára mu mọ́, gbogbo àwọn tó kù sì já wọn sílẹ̀. Àwọn ló ṣe ìkẹyìn. Ìmọ́tótó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí bàbá.

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ!"

Ojú bàbá là sílẹ̀, ó ń wo omi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan nínú ojú náà.

Ìmọ́tótó ò pariwo. Ó gbé ìka méjì sí ọrùn bàbá, ó dúró. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú rẹ̀, ó dúró. Gbogbo èèyàn tó wà létí omi ń hó lákòókò náà, ó sì dà bíi pé ọ̀nà jíjìn ni ariwo ọ̀hún ti ń wá. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mọ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó pa ojú bàbá dé. Ó tú ìborùn ara rẹ̀, ó fi wé ọrùn bàbá títí dé abẹ́ àgbọ̀n, bí ẹni tí kò fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí àgbàlagbà. Ó fa àkẹtẹ̀ bàbá wálẹ̀ dé ibi imú. Lẹ́yìn náà ló tó jókòó, tó di ọwọ́ bàbá mú.

Ó wo okùn tó wà níwájú, ó wo èyí tó wà lẹ́yìn. Ó wo ìpàkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. *Ọwọ́ rẹ ni màá ti béèrè wọn.* Ó la ẹnu láti pè é.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ yíjú. Òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé.

"Wọ́n ti sùn?"

"Wọ́n ń sinmi," ni Ìmọ́tótó dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, bàbá àti ọmọ. Ó wá fi ohùn rírẹlẹ̀ sọ̀rọ̀, kí bàbá má baà jí.

"Àbúrò, o ṣeun. Mo bá ẹ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí màmá ti kú, mi ò rí bàbá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó tòní. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kọ́wọ́ rẹ tutù."

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bú u ni, ì bá sọ òótọ́. Èébú ò ní dènà rẹ̀. Ọpẹ́ yìí ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó mi orí, ó wo omi.

Ìdíje kejì bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ṣí agbọ̀n oúnjẹ, ó na búrẹ́dì àti ẹja sí i. "Àǹtí, ẹ jẹun. Màá fi ti bàbá pamọ́." Ìmọ́tótó gbà á, ó jẹ ẹ́, torí pé tí kò bá jẹ ẹ́ wọ́n á bi í. Ńṣe ló ń rún un lẹ́nu bí òwú. Àwọn àgbà ní béèyàn bá ń sunkún, a máa ríran, àmọ́ òun ò tiẹ̀ ráyè sunkún, ó kàn ń ríran ni: ó rí eṣinṣin kan tó bà lé ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá, ó lé e, eṣinṣin náà padà wá, ó tún lé e.

Ó rẹ ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì. Ó wá sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀, ó sì gbé orí lé orúnkún bàbá àgbà rẹ̀. Ìmọ́tótó fẹ́ ní kó dìde. Kí ló fẹ́ sọ pé ó fà á? Ó fi í sílẹ̀. Ọmọ náà jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń kọrin tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ń kọ létí omi, ó ń fi ìka lu bàtà tí wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ bojú wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá ìjókòó tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn. Ó rí ìborùn. Ó rí bí ọwọ́ bàbá ṣe wà. Ọkùnrin yìí ti fa òkú jáde nínú omi lẹ́ẹ̀mẹta láyé rẹ̀. Òun àti Ìmọ́tótó wo ara wọn. Pẹ̀lẹ́ yíjú síwájú, ó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó rọra wà á lọ síbi okùn tí ọkọ̀ ọlọ́pàá wà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọjá," ló bẹ ọlọ́pàá. "A ní àgbàlagbà lọ́dọ̀."

"Gbogbo ọkọ̀ ló ní àgbàlagbà," ni ọlọ́pàá wí. Òun náà ti dúró sínú oòrùn láti àárọ̀, ètè rẹ̀ ti bó. "Mi ò lè torí ẹnì kan da eré ìlú rú. Àbí ẹnì kan ń kú lọ lọ́dọ̀ yín ni?"

Pẹ̀lẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ó wo Ìmọ́tótó. Ẹ̀gbọ́n náà yíjú wò ó, ìyàwó rẹ̀ náà yíjú.

"Rárá," ni Ìmọ́tótó wí. "Kò sẹ́ni tó ń kú."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lẹ́, ebi ló ń pa ẹ́! Fún un ní búrẹ́dì, ìyàwó mi, kó yé fi bàbá bojú."

Wọ́n dúró síbẹ̀, lẹ́bàá okùn, títí ìdíje kẹta fi parí. Ẹ̀gbọ́n patẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti jí bàbá kó lè wo àwọn tó borí. Ìmọ́tótó di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú òfuurufú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́." Ó sì gbọ́ sí i lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n ká okùn, Pẹ̀lẹ́ sáré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rí i kó sáré. Ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ó ṣí fìlà lórí, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n fi apá méjèèjì gbá bàbá mú láti gbé e dìde.

"Bàbá, a ti dé o."

Orí bàbá ṣubú lé e léjìká. Ìborùn tú. Ẹnu là.

Ẹ̀gbọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ó di bàbá rẹ̀ mọ́ra. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ìborùn, ó sì rí ibi tí wọ́n ta á ní kókó dáadáa lẹ́yìn ọrùn. Ó gbójú sókè.

"Láti ìgbà wo?"

Pẹ̀lẹ́ tètè gba ọ̀rọ̀ sọ. "Ó lè jẹ́ bá a ṣe ń bọ̀ yìí ni. Ọkọ̀ sáré, bóyá—"

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Àbúrò, láti ìgbà wo?"

Irọ́ náà ti wà lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́, ó ti nà án sí i, ohun tó kù ni kó gbà á. Ìmọ́tótó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò lè gbà á.

"Láti ìparí ìdíje àkọ́kọ́."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n lọgun, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

"O jẹ́ kí n máa patẹ́wọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. "Mo ń fò sókè, mo ń hó, òkú bàbá mi wà lẹ́yìn mi. O gbọ́ tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ibo la fẹ́ gbé wọn gbà? Okùn wà lójú omi. Mo ní kí inú ọmọ yín ṣáà dùn..."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè okùn."

Ó gbé bàbá dání bí ẹni gbé ọmọ, kò jẹ́ kí Pẹ̀lẹ́ bá a gbé e, kò jẹ́ kí Ìmọ́tótó fọwọ́ kàn án. Ó gba àárín èrò kọjá. Ọkùnrin kan tó mú ife dání rí wọn, ó pariwo, "Ẹ rọra gbé bàbá o! Ọtí ti gbé wọn lọ!" Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò wẹ̀yìn. Ìmọ́tótó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àkẹtẹ̀ lọ́wọ́, orin ń dún lọ́tùn-ún, orin ń dún lósì.

Dókítà ní nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ ni, ì báà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni bàbá wà ní wákàtí kan náà. Ó sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tù wọ́n nínú. Wọ́n sin bàbá. Ẹ̀gbọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí àkọ́bí ṣe, ó kí gbogbo ẹni tó wá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí Ìmọ́tótó bá pè é lórí fóònù, kò ní gbé e. Tó bá lọ sílé rẹ̀, ìyàwó á jáde sí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omijé lójú, á ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé."

Ìyàwó yìí náà ló wá ń mú ọmọ wá láìjẹ́ kí ọkọ mọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, tó bá ń lọ ra nǹkan, á fi ọmọ sílẹ̀ fún wákàtí kan lọ́dọ̀ Ìmọ́tótó nílé ìfọṣọ. Ọmọ náà fẹ́ràn láti máa di etí kan mú nínú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí wọ́n bá ń ká a, torí iṣẹ́ ẹni méjì ni. Oṣù kẹrin lẹ́yìn ikú bàbá, wọ́n ń ká ọ̀kan lọ́wọ́ báyìí, ọmọ náà dúró.

"Àǹtí, nígbà tí mo gbórí lé ẹsẹ̀ bàbá àgbà, ṣé wọ́n ti kú nígbà yẹn?"

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí lẹ́yìn wọn. Ìmọ́tótó rántí ohun tí òótọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí èbúté.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti kú."

Ọmọ náà ronú sí i. "Ẹsẹ̀ wọn ṣì gbóná."

"Oòrùn ni."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó bà mí gan-an ni."

"Kò bà mí," ni ọmọ náà wí. "Mi ò mọ̀."

Ó gbé etí aṣọ tirẹ̀ wá pàdé ti Ìmọ́tótó, wọ́n pa á pọ̀, wọ́n gbé e lé orí àwọn yòókù, wọ́n sì mú òmíràn.

Fèrè mọ́tò dún níta. Ìmọ́tótó rò pé ìyàwó ni. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde. Ẹ̀gbọ́n ló wà nídìí ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ó hàn pé àṣírí ti tú. Ẹ̀gbọ́n ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Iwájú ló ń wò, kò wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n," ni Ìmọ́tótó wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

Kò dáhùn. Ọmọ wọlé sẹ́yìn ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì ń dún, ọkọ̀ ò sì lọ. Ìmọ́tótó dúró síbẹ̀, omi ọṣẹ ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti jẹun?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè. Iwájú náà ló ṣì ń wò.

"Ó ti jẹun, ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó yí ọkọ̀ padà, wọ́n lọ.